Cape Point pẹ̀lú màmá àgbà: ẹ lọ, àmọ́ ẹ má fi mọ sí ilé iná òkè nìkan

Ẹ kú ìmúra àlejò o. Ẹ ní màmá yín tó ti lé ní 70 ọdún ń bọ̀ wá kí yín ní Cape Town, ẹ sì ń béèrè bóyá wọ́n á lè dé ibi ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà ní Cape Point, ìyẹn ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun ní gúúsù ìlú náà, àbí kẹ́ ẹ kúkú mú wọn rìn kiri inú ìlú. Ẹ gbé wọn lọ jàre. Mo gbé Cape Town rí, kò sì sí àlejò mi tí n kò mú débẹ̀, títí kan ìyá tó bí mi, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu.

Láti ibi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí, ọkọ̀ orí irin kékeré kan wà tí wáyà ń fà gun òkè. Flying Dutchman lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ iwin inú ìtàn àwọn atukọ̀. Kó tó pẹ́ títí, ẹ ti dókè. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ fúnni ni pé àtẹ̀gùn ṣì ń bẹ láti ibi tó já yín sí títí dé ìdí ilé iná gan-an. Màmá mi wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò gùn. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo omi òkun tí wọ́n ń pè ní False Bay. Ọjọ́ yẹn dùn mọ́ wọn ju èmi tí mo gùn ún lọ.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá ibẹ̀. Nígbà ooru wọn, bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Cape Doctor máa ń jà débi pé ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú. Ẹ jẹ́ kí màmá fi gèlè sílé, ìborùn tí wọ́n lè so mọ́ abẹ́ àgbọ̀n ló máa dúró. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ jáde nílé, nítorí tí àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò bá ti dé, ìlà fọ́tò níbi òpó tí wọ́n kọ jíjìnnà àwọn ìlú ńlá sí kì í tán mọ́.

Ní ti ilé iná yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó: àṣìṣe ńlá ni, ìyẹn ló sì mú kó wù mí. Ọdún 1860 ni wọ́n tan iná rẹ̀, ó ga ju 230 mítà lọ sókè òkun. Wọ́n rò pé bó bá ṣe ga tó ni ọkọ̀ á ṣe rí i tó. Àṣé ńṣe ni wọ́n gbé fìtílà sórí àjà tí èéfín ń bò. Kùrukùru àti àwọsánmà a máa bò ó mọ́lẹ̀ lásìkò tí àwọn atukọ̀ nílò rẹ̀ jù. Lálẹ́ tójú ọjọ́ sì mọ́, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn a rí i láti ọ̀nà jíjìn, a sì wá sún mọ́ òkúta jù. Ní April 18, 1911, ọkọ̀ èrò àwọn ará Pọ́túgà tó ń jẹ́ Lusitania forí sọ Bellows Rock nísàlẹ̀ ibẹ̀. (Kì í ṣe Lusitania tí àwọn Jámánì rì lọ́dún 1915 o, ti Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.) Èyí tó pọ̀ jù nínú èrò rẹ̀ yè é, ṣùgbọ́n ìjọba ò tún lè dákẹ́. Wọ́n kọ́ òmíràn sísàlẹ̀, ní nǹkan bíi 87 mítà péré sókè òkun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1919. Òun ló ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi mọ sókè. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó gba etí òkè lọ síbi tẹ́ ẹ ti máa rí ilé iná kejì nísàlẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó ti màmá, kí ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ṣì le rìn ín. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì kì í sábà débẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ń le, ẹ má mú ọmọ kékeré dání, ọ̀nà náà ò fẹ̀.

Àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀ kì í ṣe eré. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n sì ń já àpò gbà. Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ gbé gíláàsì sókè, ẹ má yọ oúnjẹ síta rárá.

Ẹ̀yin náà á gbọ́ tí àwọn amọ̀nà máa ní ibẹ̀ ni Áfíríkà parí sí nísàlẹ̀. Irọ́ ni. Ibi tó ń jẹ́ Cape Agulhas ni, ọ̀nà ṣì jìn kẹ́ ẹ tó débẹ̀ lápá ìlà oòrùn, ilé iná tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Inú ọgbà ìjọba ni Cape Point wà. Owó geeti ọgbà náà, iye tí àjèjì ń san ju ti ọmọ ilẹ̀ South Africa lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ gba ìlú Simon's Town lọ, kẹ́ ẹ gba Chapman's Peak, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà létí òkun, bọ̀. Ẹ máa sanwó ojú ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń tì í tí òjò tàbí òkúta bá ń já bọ́, torí náà ẹ béèrè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bóyá ó ṣí.