Kí ló pa iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà àti fídíò pọ̀ mọ́ òṣèlú, ṣé ó sì yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọnà àtijọ́?

Iṣẹ́ ọnà ni gbogbo wọn. Irinṣẹ́ ló yàtọ̀: ọ̀dà, igi àti òkúta lọ́wọ́ àwọn àtijọ́, fídíò, kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tuntun. (Tuntun kọ́ pátápátá o: Nam June Paik, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Kòríà, ti kó tẹlifíṣọ̀n wọ inú àfihàn ní Wuppertal, Jámánì, lọ́dún 1963.)

Òṣèlú wọ̀ ọ́ nítorí pé irinṣẹ́ kan náà ni ìjọba àti iléeṣẹ́ ńlá fi ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ wọn. Lọ́dún 1998, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kan, Electronic Disturbance Theater, ṣe FloodNet, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ fi ń ṣí ìkànnì ìjọba Mẹ́síkò léraléra lẹ́ẹ̀kan náà kó má baà lè ṣiṣẹ́ dáadáa, láti gbè sẹ́yìn àwọn Zapatista, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó dìde sí ìjọba náà. Ṣé iṣẹ́ ọnà nìyẹn àbí ìwọ́de? Lójú tèmi, méjèèjì ni, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ sì wà.

Àwọn tó ń ra iṣẹ́ ọnà ló lọ́ra, torí ó ṣòro láti ta ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń fún oníṣẹ́ ọnà lẹ́bùn ti ń kà á sí. Lọ́dún 2018, Forensic Architecture, ẹgbẹ́ olùwádìí kan tó ń fi fídíò àti àwòrán sátẹ́láìtì ṣèwádìí ìwà ipá ìjọba, wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n yàn fún ìdíje ẹ̀bùn Turner, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ọnà òde òní ní Bìrìtìkó.