Ìgbátí tó o gbá ọmọ yẹn lórí ìlà ńkọ́?

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí mo lè máa kó àwọn ọmọ mi lọ ní Sátidé tí kò ní máa jẹ owó. Ìlú ńlá la wà, gbogbo ibi ló ń gbowó. Ìkan ti pé ọdún 5, ìkejì jẹ́ ọdún 3. Èyí tá a lọ kẹ́yìn, wákàtí kan àtààbọ̀ la lò nínú bọ́ọ̀sì, aago méjì ọ̀sán la débẹ̀, a tún tò sórí ìlà, èyí àbúrò wá ń ké pé òun ò wọlé mọ́, mo bá gbá a létí díẹ̀, a ṣáà wọlé nígbẹ̀yìn, àmọ́ wọn ò gbádùn ẹ̀ tó iye tí mo san. Ibo ló jẹ́ ọ̀fẹ́?"

Gbá a létí díẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbáni létí díẹ̀? Gbogbo lẹ́tà ẹ, owó lo fi kún un, ọ̀rọ̀ ọmọ tó jẹ ìgbátí níbi ìgbádùn ò sì gbà ju ìdajì ìlà kan lọ. Ó ká mi lára torí ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà ni mò ń rí i lẹ́nu géètì àwọn ibi tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọdé, ìyá tàbí bàbá tó ń fa ọmọ lọ́wọ́ tó ń pariwo mọ́ ọn, "ṣé o mọ iye tí mo san ni?" Kò mọ̀. Ọmọ ọdún 3 ni.

Jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Láti 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ pé kò yẹ kí wọ́n há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 mọ́ ojú kan ju wákàtí 1 lọ lẹ́ẹ̀kan, ì báà jẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ìyá ẹ̀, wọ́n sì ní ọmọ ọdún 3 sí 4 gbọ́dọ̀ máa sùn tó wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, oorun ọ̀sán wà lára ẹ̀. Wákàtí 1 yẹn ti kọjá kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, o tún ní kó dúró jẹ́ẹ́ lórí ìlà lásìkò tó yẹ kó ti máa hanrun. Ó ti rẹ ọmọ yẹn, oorun ń kùn ún, ẹnu ẹ̀ ò sì tíì lè tò ó, igbe ló fi sọ ọ́, ìgbátí lo fi dá a lóhùn.

Mo mọ nǹkan tó ṣe ọ́, owó tó o san ló ń bá ọ jà. Èmi náà ṣe é rí. Ọmọkùnrin mi ò tíì pé ọdún 4 nígbà yẹn, a ò tíì lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún níbì kan tí mo sanwó wọ̀, ló bá lóṣòó ti àwọn èèrà tó ń tò lọ lẹ́bàá ògiri. Ó fìka nu ojú ọ̀nà wọn, ni wọ́n bá dà rú, wọ́n ń sá síbí sọ́hùn-ún torí òórùn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀, títí ìkan fi rí òdì kejì tí ìlà sì tún tò padà, ọmọ yìí bú sẹ́rìn-ín, ó tún fẹ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fà á dìde. Mo ní a ò wá wo èèrà. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ibi ọ̀fẹ́ pọ̀ o. Páàkì wà, láíbìrì tí wọ́n ti ń kàtàn fáwọn ọmọdé wà, ẹ lè dúró sórí afárá kẹ́ ẹ máa wo rélùwéè, ẹ lè lọ wo kátapílà tó ń gbẹ́lẹ̀ (láti òkèèrè o), mùsíọ́mù míì náà ní ọjọ́ tí kì í gbowó, yẹ ìkànnì wọn wò. Àmọ́ tó o bá gbé ìwà orí ìlà yẹn lọ síbẹ̀, igbe náà lẹ máa gbé wálé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ibi ọ̀fẹ́ ni pé èèyàn lè kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú láìsí nǹkan tó ń dun ún, kò sẹ́ni tó máa ní kọ́mọ rẹ́rìn-ín tó iye tíkẹ́ẹ̀tì.

Torí náà, ibi tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ni kó o wá, bó bá pọ̀ jù bọ́ọ̀sì kan péré. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, kẹ́ ẹ ti wà nílé kí oorun àbúrò tó dé. Aṣọ tó ṣeé fi gbo ilẹ̀ ni kó o wọ̀ fún wọn, mú omi àti aṣọ míì dání. Ohun kan ṣoṣo lẹ máa wò lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n ni kó sì yàn án.

Àmọ́ kó tó di Sátidé, pe èyí àbúrò, lóṣòó síwájú ẹ̀, sọ fún un pé, "Mi ò ṣe dáadáa lọ́jọ́ yẹn," má fi "àmọ́ ìwọ náà" kankan sí i. Má sọ fún mi pé ó ti gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, tó ní òun fẹ́ lọlé, ẹ máa lọlé.