Ta ló kọ́ ilé gogoro oníná ti erékùṣù Pharos, kí ló sì wó o?

Ptolemy Kìíní, ọba Íjíbítì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ létíkun Alexandria. Ọmọ rẹ̀, Ptolemy Kejì, ló parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 280 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n ní ó ga tó 100 mítà, iná sì máa ń jó lókè rẹ̀ lálẹ́ kí àwọn atukọ̀ má baà forí ọkọ̀ sọ àpáta. Ogun kọ́ ló wó o o, ìmìtìtì ilẹ̀ ni, pàápàá ti ọdún 1303. Ní nǹkan bí ọdún 1477, Sultan Qaitbay, tó ń jọba ní Íjíbítì nígbà náà, kó lára òkúta rẹ̀, ó fi kọ́ odi tó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Pharos fúnra rẹ̀ kì í ṣe erékùṣù mọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ìlú. Láti 1994 ni àwọn òmùwẹ̀ ti ń rí òkúta ńláńlá rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun.