Ṣé ìgbẹ́ gbuuru tó ti dá lè mú orúnkún wú?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ jẹ ẹran kan ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dá, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì orúnkún ọ̀tún wú. Reactive arthritis ni àwọn dókítà ń pe irú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 1 sí 4 lẹ́yìn àìsàn àkọ́kọ́ ló sábà máa ń yọjú.

Kòkòrò inú ìfun bíi Salmonella, Shigella àti Campylobacter máa ń fà á. Chlamydia, tí wọ́n ń kó níbi ìbálòpọ̀, náà ń fà á. Inú lè ti san, kí àfọ́kù kòkòrò sì ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ há sínú awọ oríkèé. Àwọn ọmọ ogun ara á rí i níbẹ̀, wọ́n á tún gbé ìjà dé, oríkèé á wú, á gbóná. Ti Chlamydia tiẹ̀ le jù: ó lè wà láàyè níbẹ̀, kó lúgọ pẹ́. Òun ni wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò lé, wọ́n á sì tọ́jú ọkọ tàbí aya pẹ̀lú.

Bí ojú bá pọ́n tàbí ìtọ̀ ń ta yín, ẹ sọ fún dókítà, ó lè jẹ́ ara àìsàn kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó ti àgbo làkúrègbé. Bí ibà bá wà pẹ̀lú orúnkún tó wú, kòkòrò lè ti wọ inú oríkèé gan-an, ìyẹn a sì tètè bà á jẹ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen lọ́jọ́ náà. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa omi orúnkún náà yẹ̀ wò.