Òjò pa DCP mi: ṣé kí n yan án lórí iná egungun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń sin adìyẹ. Mo máa ń sun egungun màlúù nínú àgbá kí n tó lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ wọn. Òjò wá pa àpò méjì DCP (dicalcium phosphate, ìyẹ̀fun funfun tí a ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ) tí mo rà. Ṣé mo lè dà á sínú àgbá yẹn kó gbẹ? Ẹnì kan tún ní kí n lọ fi infrared yẹ̀ ẹ́ wò. Kí nìyẹn fẹ́ sọ fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sínú àgbá. Lóòótọ́, kálísíọ́mù àti fọ́sífeètì ló wà nínú méjèèjì, àmọ́ wọn ò jọ lè fara da iná.

Egungun lágídí. Omi ara rẹ̀ á kọ́kọ́ gbẹ, lẹ́yìn náà ni ohun tó dà bí iṣan inú rẹ̀ á jó, láàárín nǹkan bíi dígírì 300 sí 600. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúdú kó tó funfun. Tó bá ṣì dúdú, èédú wà nínú rẹ̀, kò tíì jinná. Èyí tó kù lẹ́yìn náà, ìyẹn ohun líle inú egungun tí wọ́n ń pè ní apatite, lè fara da ooru tó ju dígírì 1000 lọ.

DCP ò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi kan wà tí omi wà nínú ẹ̀dá rẹ̀ gan-an, yàtọ̀ sí omi òjò: nínú kìlò 100, nǹkan bíi 21 ni omi. Ìyẹn máa ń jáde tí ooru bá tó bíi 200, kò sì burú. Ibi tó ti bàjẹ́ ni tó bá kọjá 400: fọ́sífeètì méjì á so mọ́ra, á di pyrophosphate, adìyẹ ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i lò. Iná igi lábẹ́ àgbá sì ń kọjá 400 wẹ́rẹ́. Gaàrì tó bá jóná, imú á gbọ́ ọ. Àmọ́ funfun ni DCP wà kó tó jóná, funfun náà ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí infrared ń rí tí ojú ò rí nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ni, àmọ́ ojú ò lè rí i. Àsopọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìyẹ̀fun náà ní ìwọ̀n tirẹ̀ tó ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Àmì nítòsí 725 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ka irú ìmọ́lẹ̀ náà) lórí ìwé àbájáde ilé àyẹ̀wò, fọ́sífeètì ti so mọ́ra nìyẹn. Tí egungun yín bá fi àmì hàn ní 1650 àti 1550, ẹran ara ṣì wà níbẹ̀. 3570 àti 630 ni ti apatite. Kò ní sọ iye fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ fún yín o.

Fún àpò méjì, èmi ò ní náwó sí i. Ẹ tẹ́ tapólì sínú oòrùn, ẹ fọ́ èyí tó di kókó, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi gbẹ. Ẹ fi owó infrared pamọ́ di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta DCP tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá fún yín; ṣíbí kékeré kan ti tó wọn yẹ̀ wò.