Ẹ Bi Wá Léèrè: Ohun Tí Àlejò Ń Mú Lọ́wọ́ Lọ sí Ilé Ọ̀rẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Iṣẹ́ ọkọ mi ni ó gbé wa dé Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan pè mí sí ilé rẹ̀, nítorí pé àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, yóò yà síbẹ̀ jẹun nígbà tí wọ́n bá ti ojúde ọba dé. Mo bi í pé kí ni kí n mú wá, ó ní, “Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú, ṣáà ti yọjú.” Mo gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, mo sì lọ ní ọwọ́ òfìfo. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, kò sí obìnrin kan tí kò gbé nǹkan dání: ọ̀kan gbé páálí mọ́ọ̀tì, òmíràn gbé kúlà oúnjẹ, títí kan ìyá àgbà kan tí ó fi ọ̀rá dúdú kó ọsàn wá. Ojú tì mí púpọ̀. Wọ́n ti tún pè mí ní ọdún yìí. Ṣé kí n se oúnjẹ lọ ni, àbí kí n fi owó sínú àpò ìwé? — Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ yín kò tàn yín. Ẹni tí ó ń se àsè kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àlejò pé báyìí ni kí ó gbé wá, nítorí ọjọ́ tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni àsè di èésú, tí oníkálukú yóò máa ṣírò ohun tí ó dá àti ohun tí ó jẹ. “Ṣáà ti yọjú” tí ó wí, ọ̀wọ̀ ni ó fi bù fún yín. Àwọn obìnrin tí ẹ bá níbẹ̀ pàápàá, a kò rò pé ó sọ ohun mìíràn fún wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ó kù kí wọ́n rà, ẹ má bi ìyàwó ilé mọ́. Ẹ bi ẹni tí ó wà nídìí iná. Ní ọ̀pọ̀ ilé, àbúrò ìyàwó ni, tàbí àkọ́bí obìnrin, tàbí ìyá kan tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ lé lọ́wọ́. Ẹ pè é ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ojú kò ní tì í láti sọ òótọ́ fún yín, nítorí kì í ṣe òun ni ó ni àsè, nígbà mìíràn yóò tilẹ̀ sọ ju ohun tí ẹ bi í lọ.

Ẹ tún rántí ọjọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ẹran àgbò ti kún ìkòkò, tí ó kún fìríìjì, tí wọ́n sì ti pín in fún aládùúgbò títí ó fi sú wọn. Ẹni tí ó bá gbé ẹran lọ sí ilé Mùsùlùmí ní ọjọ́ náà, iṣẹ́ ni ó gbé lọ bá wọn. Ohun tí ó máa ń tán kí ó tó di agogo mẹ́ta ọ̀sán ni omi tútù, yìnyín, ife alálòdànù, èédú, àti ọ̀rá tí wọ́n fi ń di oúnjẹ fún ẹni tí ó ń lọ. Kò sí ẹni tí yóò ya fọ́tò àpò yìnyín mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ojú ìyàwó ilé nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Kí ẹ sì má gbé ọtí líle tàbí bíà lọ, àfi bí ẹ bá mọ̀ dájú pé wọ́n ń mu ún ní ilé náà. Ìdúpẹ́ àwọn Mùsùlùmí lọ́dọ̀ Awùjalẹ̀ ni ayẹyẹ yìí ti ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti jọ ń ṣe é báyìí.

Àkókò tí ẹ ó gbé e lọ ṣe pàtàkì bí ohun tí ẹ ó gbé. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn ẹgbẹ́ bá ti kún ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde, mọ́tò kì í rí ọ̀nà kọjá, ẹ ó sì jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ títí yìnyín yóò fi di omi lórí itan yín. Ohun tí kì í bàjẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Iléyá. Yìnyín nìkan ni kí ẹ gbé ní àárọ̀ kùtùkùtù.

Ní ti oúnjẹ sísè, ẹ má dá a ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ tí a kò retí a máa da ètò rú: wọn yóò wá àwo tí wọn yóò bù ú sí, wọn yóò wá ẹni tí yóò pín in, wọn yóò sì máa bẹ̀rù pé bí àwọn kò bá gbé e síta, ẹ ó bínú. Bí ẹni ìdí iná bá ní kí ẹ sè, ẹ gbé e sínú ike tí ẹ kò ní béèrè, kí ọ̀rọ̀ kúlà yín má baà di ohun tí wọn yóò máa sá kiri fún oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má se ìkọ́kọrẹ́. A kò sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n sè o. Ṣùgbọ́n ewùrà tí a fi se é a máa ki sí i bí ó bá ṣe ń tutù, kí ẹ sì tó dé ibẹ̀, àwọn ìyá Ìjẹ̀bú tí wọn kò tíì tọ́ ọ wò yóò ti mọ ohun tí ó kù níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ajílété ní ohun tiyín. Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, àwọn ọdún yìí ni ó sì ń bọ́ sí àsìkò máńgòrò. Bí ẹnìkan bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀, apẹ̀rẹ̀ máńgòrò ibẹ̀ kan yóò sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ ju páálí mọ́ọ̀tì mẹ́wàá lọ. Ní tiwa, ìyá àgbà tí ó kó ọsàn wá ni ó mọ nǹkan ṣe jù nínú gbogbo àwọn tí ẹ kà sílẹ̀: lẹ́yìn ẹran ọjọ́ mẹ́ta, kí ni ẹnu tún ń wá?

Owó dára, pàápàá bí àkókò kò bá sí. Ẹ fi í lé ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́ nínú yàrá, kí ẹ sì jáde. Ẹni tí ó ṣe oore tí ó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni.

Ìbéèrè: Mo ṣe ọjọ́ ìbí ogójì ọdún nínú àgbàlá ilé wa ní Ṣàgámù. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé kéréètì bíà kan wá. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ó ka èyí tí ó kù, ó kó ìgò márùn-ún tí a kò tíì ṣí padà sínú mọ́tò rẹ̀, pẹ̀lú kéréètì àti gbogbo òfìfo ìgò. Ìyàwó mi kò tíì dárí jì í títí di òní. Ta ni ó jàre? — Bàbá Olójọ́ìbí.

Ìdáhùn: Ìyàwó yín jàre lórí ìgò márùn-ún, ọ̀rẹ́ yín sì jàre lórí ìyókù. Ohun tí a bá ti gbé wọ ilé olójọ́ìbí, tirẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ pé wọn kò fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n òfìfo ìgò àti kéréètì kì í ṣe ti ẹni tí ó ra ọtí rárá. Ti ẹni tí ó tà á ni, bí ọ̀rẹ́ yín kò bá sì dá wọn padà, owó tí ó fi dúró fún wọn ti wọgbó nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó ní kí ẹ bá òun tú ìgò tí ó kún sílẹ̀, kí òun lè rí kéréètì dá padà.

Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé bí a bá ní kí a jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Ìgò márùn-ún ni.

Níwọ̀n bí ẹ ti wà ní Ṣàgámù, ìlú tí òwò obì ti sọ di olókìkí, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un fún àwọn tí yóò tún wá kí yín: bí bàbá tàbí ìyá olójọ́ìbí bá ń gbé inú ilé náà, ohun tí ó tọ́ sí wọn yàtọ̀ sí ti olójọ́ìbí. Ẹ mú obì àbàtà olójú mẹ́rin lọ fún wọn, kí ó má ṣe jẹ́ gbàǹja, nítorí gbàǹja olójú méjì dùn ún jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àbàtà ni àgbà fi ń ṣe àdúrà.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè mú ènìyàn nítorí pé ó ná ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó níbi ijó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ni? — Ọmọ Ìpẹru.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, ní abala 21, ka fífọ́n owó náírà ká síni lára tàbí jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yọ àríyá inú ilé sílẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Àpò ìwé wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo ní Ìpẹru. Ẹ ra ọ̀kan kí ẹ tó kúrò nílé.