Ìbéèrè Yín: Láti Peru lọ wo Tiwanaku

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lágéré n'Ílé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ Puno ní Peru, wọ́n ní gáìdì lè mú wa kọjá bọ́dà lọ wo Tiwanaku, ìlú àtijọ́ tó ti di ahoro ní Bolivia, ká padà lọ́jọ́ náà. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ tètè jí o, torí Desaguadero, ìlú tó wà ní bọ́dà, lẹ máa gbà, wọ́n á yẹ páásípọ́ọ̀tù yín wò ní Peru, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò ní Bolivia, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ṣe tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, aago Bolivia sì fi wákàtí kan ṣíwájú. Ẹ rí i pé físà Peru yín lè gbà yín wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ẹ bi ẹ́ńbásì kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni!

Puno àti Tiwanaku ga ju 3,800 mítà lọ, èémí á máa há, orí lè máa fọ́. Ẹ kọ́kọ́ sun Puno bí ọjọ́ méjì.

Tẹ́ ẹ bá dé Tiwanaku, ẹ má sáré kọjá Ẹnubodè Oòrùn o, òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Àwa tá a bá Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn nílé máa mọ iyì ẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàlá tó rì wọlẹ̀, níbi táwọn orí èèyàn tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ti yọ lára ògiri, ẹ wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.